Lady Oyinkan Abáyọ̀mí: Ìyá Tó Fi Ẹgbẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Ìlú

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí àwa alukoro kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tó lókìkí sínú ìwé yìí, orúkọ tí àwọn èèyàn dá lábàá pọ̀. Ẹnì kan ní kí a kọ nípa olórin, ẹlòmíràn ní olóṣèlú ni. Nígbà tí a dárúkọ Lady Oyinkan Abáyọ̀mí, àwọn tó bi wá pé ta nìyẹn ju ìdajì ìgbìmọ̀ lọ. Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí a mọ̀ pé ó yẹ kí a kọ ọ́.

A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí àwa náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì tí a ń ṣe, ìwé ilẹ̀ Ìkòyí a máa gba ọwọ́ wa kọjá, Oyinkan Abayomi Drive sì wà lára àwọn òpópónà tí a máa ń rí nínú wọn. Iye tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń lọ ni ojú wa máa ń wá. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa béèrè bóyá ọkùnrin ni Oyinkan yìí tàbí obìnrin. A kò rí èsì gidi fún un, àfi pé ó jọ pé ìyàwó ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Kofo Abayomi Street ní Victoria Island ni. Ojú tì wá. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ Màmá yìí wọ̀ wá lára ni pé inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Wọn kò ṣe mínísítà, wọn kò sì ṣe gómìnà. Irú ìpàdé tí àwa náà ń ṣe lóṣooṣù, tí akọ̀wé ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, tí akápò ń bẹ àwọn tó jẹ owó ẹgbẹ́, irú rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún lò láti mú ìjọba ṣe ohun tó ti kọ̀ tí kò ṣe.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1897 ni wọ́n bí wọn sí Èkó. Bàbá wọn ni Kítóyì Àjàsà, agbẹjọ́rò ńlá, ẹni tí wọ́n sọ ní Edmund Macaulay nígbà tí wọ́n bí i, tó sì fúnra rẹ̀ pa orúkọ òyìnbó tì tó mú ti Yorùbá. Ẹ má rò pé pípa tó pa orúkọ náà tì túmọ̀ sí pé ó ń bá òyìnbó jà o. Ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer tó dá sílẹ̀ ní 1914, lẹ́yìn ìjọba ló máa ń wà, ìjọba sì san án padà fún un: òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá lọ́lá. Ìdílé Moore, ti Ẹ̀gbá, ni ìyá wọn ti wá. Ọmọ olówó ni Màmá, a kò ní fi bò. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wọn ń gbé igbá kiri ọjà, dùùrù ni tiwọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ l'Ékòó ni wọ́n lọ. Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Gbogbo wa tí a dàgbà ní Bàrígà la mọ Gírámà CMS, tí odi rẹ̀ gùn lọ bí ẹni pé kò ní í tán. Ọdún 1859 ni CMS dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní Èkó, ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kó wá sọ́dọ̀ wa ní 1959. Ti àwọn ọmọbìnrin, ọdún 1869 ni, ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn tiwọn. Ṣùgbọ́n ìjọ ṣì gbìyànjú, ìjọba ló burú jù. Ọdún 1909 tí Màmá parí ẹ̀kọ́ wọn l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣí King's College fún àwọn ọmọkùnrin. Fún ọmọbìnrin, kò sí nǹkan kan. Ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó, kó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò lówó, kó máa kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́.

Bàbá Màmá lówó. Wọ́n rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Gloucestershire, nígbà tó sì di 1917 wọ́n wọ Royal Academy of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa orin. Ìlú òyìnbó yẹn náà ni wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ Girl Guides. Ní 1920 wọ́n padà sí Èkó, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti jáde. Ẹgbẹ́ Girl Guides ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà nígbà náà ni, Màmá sì di ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e ró. Iṣẹ́ tí kò sówó oṣù níbẹ̀ ni. Wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa, bí a ṣe ń dáná níta gbangba, bí a ṣe ń dìde dúró kí a sọ̀rọ̀ kí ohùn má gbọ̀n. Wọ́n tètè rí i pé bí ìjọba ṣe ń ṣìkẹ́ Boy Scouts àwọn ọkùnrin, kò ṣìkẹ́ Girl Guides bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1923 wọ́n fẹ́ Moronfolu Abáyọ̀mí, ọ̀dọ́mọdé agbẹjọ́rò. Ìgbéyàwó náà kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ tí wọ́n fi pa ọkọ wọn nínú kóòtù, níbi iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màmá nígbà náà. A kò mọ bí a ṣe lè kọ gbólóhùn yẹn kó má dà bí ìròyìn inú ìwé. Àwọn kan nínú wa ti sin ọkọ tàbí aya láàárín ọdún mẹ́wàá yìí, wọn kò nílò àlàyé wa.

Opó tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí bàbá rẹ̀ ní ilé ńlá tó lè padà sí, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí tó bá jókòó sínú ilé. Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tó sì di 1927, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin bíi tiwọn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà gùn: British West African Educated Girls' Club. Nígbà tó yá wọ́n yí i padà sí Ladies' Progressive Club, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí àwa tí à ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára báńà mọ ohun tí orúkọ gígùn ń fojú ayàwòrán rí.

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ náà gbé dání kò ṣòro láti lóye. Ọdún méjìdínlógún ti kọjá tí ìjọba ti ṣí King's College fún àwọn ọmọkùnrin, àwọn ọmọbìnrin ṣì wà níta. Àwọn obìnrin Èkó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ rí àwọn aláṣẹ, wọ́n ṣe ìnáwó tí wọ́n fi kó owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ìjọba má bàa rí owó wí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1927, Queen's College ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ogún ọmọbìnrin. Màmá wà lára àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, àwọn nìkan sì ni ọmọ Nàìjíríà láàárín wọn.

Queen's College yẹn náà ló wà ní Yábàá lónìí. Ẹ wọ dánfó ní Fádéyì, kó tó di pé kọ́ńdọ́ fún yín ní ṣéńjì, ẹ ti débẹ̀ tán. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí wọ́n jáde níbẹ̀, àwọn mìíràn ń gbàdúrà kí ọmọ wọn rí i wọ̀. Ogún ọmọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ìpàdé tiwa díẹ̀, kí ẹ̀yin àlejò foríjì wá. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, nígbà tí à ń ṣètò àjọ̀dún, àbá méjì dé iwájú ilé. Àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo wa ra léèsì tó wuyì, nítorí ọdún kẹwàá kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì ni pé kí a ra àńkárá, kí a sì fi ìyókù owó náà san owó ìdánwò oníwèé mẹ́wàá fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní, ní àdúgbò tí a ti dàgbà. Ilé gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀gbà kì í ṣe ìjọba, pé ìdí tí a fi kóra jọ ni kí a bára wa yọ̀ kí a sì bára wa sunkún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹlòmíràn dáhùn pé ta ló wá fẹ́ san án. Òótọ́ ni ìyẹn náà. A ra léèsì, ẹ sì ń wò ó lára wa. Àbá kejì ṣì wà nínú ìwé akọ̀wé, yóò tún jáde ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Kí a má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn wa bí a ti ń kọ nípa ẹgbẹ́ Màmá. Àwọn náà mọ̀ pé àwọn kì í ṣe ìjọba, wọ́n sì mọ aṣọ wọ̀ dáadáa, ẹ wo àwòrán wọn.

Ní 1930 Màmá tún lọ́kọ. Dókítà Kofo Abáyọ̀mí ni, oníṣègùn ojú, ẹni tó wà lára àwọn tó gbé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, Nigerian Youth Movement, dìde, tó sì di ààrẹ rẹ̀. Bí ilé wọn ṣe di ilé òṣèlú nìyẹn. Màmá wà nínú ẹ̀ka àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti rí i pé nígbà tí ẹgbẹ́ ọkùnrin bá ń jà fún òmìnira, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ obìnrin máa ń wà. Ní 1935 wọ́n kọ àpilẹ̀kọ kan nípa obìnrin ayé òde òní. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn obìnrin olówó ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá jókòó sínú ìrọ̀rùn tí wọn kò wo àwọn tí kò ní, ìlú kò ní lọ síwájú. Kì í rọrùn kéèyàn sọ irú rẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń jẹun.

Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1944 ni ọjọ́ tó tóbi jù nínú ìtàn yìí lójú tiwa. Obìnrin méjìlá pàdé nílé Màmá, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin Nàìjíríà, Nigerian Women's Party, sílẹ̀. Màmá ni ààrẹ. Ní àkókò yẹn, ọkùnrin nìkan ló lè dìbò l'Ékòó, ọkùnrin tó lówó sì ni: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, kó jókòó sílé. Obìnrin tó ní ilé mẹ́ta ní Èkó kò lè dìbò. Ẹgbẹ́ náà béèrè ìbò fún obìnrin. Wọ́n béèrè ilé-ẹ̀kọ́ àti ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin bíi ti ọmọkùnrin. Wọ́n béèrè kí a gba obìnrin Nàìjíríà síṣẹ́ ìjọba, sí ipò tó ga, torí àwọn obìnrin òyìnbó ni ìjọba ń kó wá fún un. Yàtọ̀ sí gbogbo ìbéèrè yìí, wọ́n ṣí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkọ àti kíkà. Ìyẹn ni wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni ṣe fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí fẹ́ àlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn Màmá ti le. Ìyálọ́jà Èkó ayé ìgbà náà ni Alimotu Pẹlẹwura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kọ̀, Mùsùlùmí, ẹni tí kò mọ̀wé kà ṣùgbọ́n tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ń tẹ̀ lé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940, òun ló kó àwọn obìnrin lọ bá ìjọba nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ. Kò pẹ́ tí ìjọba fi sún un sókè dé igba pọ́n-ùn. Nígbà ogun Hitler, nígbà tí ìjọba fi ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Pullen sídìí iye tí a óò máa ta gàrí, Pẹlẹwura náà ló dojú kọ ọ́, kò gbà, títí ètò náà fi wọlẹ̀ ní 1945.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú obìnrin tí kò bá ní àwọn ọlọ́jà, ẹgbẹ́ àwọn èèyàn díẹ̀ ni. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí wọn, wọ́n jọ ṣe àwọn nǹkan kan pọ̀. Ṣùgbọ́n Herbert Macaulay ni Pẹlẹwura àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀, Macaulay àti Kítóyì Àjàsà sì ti jà títí nínú ìwé ìròyìn kí Àjàsà tó kú ní 1937. Èrò tiwa ni pé ọmọ Àjàsà kò lè gbàgbé ìyẹn lórí Màmá pátápátá, bó ti wù kí wọ́n kọ́ àwọn ọlọ́jà ní A B D tó. Àwọn obìnrin tó jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé, onígbàgbọ́, aya dókítà àti aya agbẹjọ́rò. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù wà ní ìta ọjà. Ẹ̀bi kọ́ ni a ń dá. A kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí àwa náà, tí a bá ka iye ọlọ́jà tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, ìka ọwọ́ kan tó o.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó fi hàn pé etí wọn kò di. Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó ti ń bẹ ìjọba pé kó dáàbò bo àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tó ń kiri ọjà, nítorí àwọn ọkùnrin tó ń fi ọ̀nà yẹn bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí ìjọba yóò gbọ́, ọlọ́pàá ló rán. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1946 ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá kò gbọdọ̀ kiri mọ́, ni ọlọ́pàá bá ń kó àwọn ọmọ náà pẹ̀lú igbá wọn lọ sí kóòtù. Àwọn ìyá wọn pariwo. Ẹgbẹ́ Màmá kò sọ pé òfin tí àwọn bẹ̀bẹ̀ fún ti dé, ó parí. Wọ́n gbè sẹ́yìn àwọn ìyá náà, wọ́n sì bá ìjọba sọ ọ́ pé kì í ṣe báyìí la wí, pé ọmọ tó ń kiri kí ilé lè jẹun kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó bá dúró ní ìkóríta Bàrígà ní aago méje alẹ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Ní 1950, obìnrin dìbò l'Ékòó fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà ìdìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó. Ohun tí ẹgbẹ́ Màmá ti ń béèrè láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nìyẹn. Ìdìbò náà kò mú ẹgbẹ́ tiwọn borí. Nígbà tí àwọn obìnrin rí ìbò dì, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá tí ọkùnrin ń ṣe olórí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dì í fún. A rò pé ó dun Màmá. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1950 sí 1960, ẹgbẹ́ náà ti dákẹ́, nígbà tí àjọ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, National Council of Women's Societies, sì dìde, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Màmá wà lára àwọn tó darapọ̀ mọ́ ọn.

Ní 1951 ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá Dókítà Abáyọ̀mí lọ́lá, bí Màmá ṣe di Lady nìyẹn. Wọ́n gba oyè ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó wù wá jù nínú gbogbo ipò wọn ni ti Girl Guides, tí wọ́n di olórí rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ti bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ti kú, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ láti so okùn kò kú.

Sir Kofo Abáyọ̀mí kú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1979. Màmá tún lo ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1990 ni wọ́n papò dà, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí ti wà láyé, a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Ṣómólú níbí, a kò gbọ́.

Ọ̀nà Ìkòyí tó ń jẹ́ orúkọ wọn báyìí, Queen's Drive ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. A ti sọ fún ọmọbìnrin tó bi wá léèrè níbi iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ àgbà tó ń ná ojú ọ̀nà náà ṣì ń pè é ní Queen's Drive.